Ẹ̀sùn Mi Lórí Ọ́ìlì Gíà Tí Wọ́n Ń Dà Láìbéèrè

Àwọn tí mo pè lẹ́jọ́ pọ̀. Mẹkáníìkì tó ń da ọ́ìlì pupa sínú gíà ọtomátíìkì láì yẹ irú ọkọ̀ wò wà níbẹ̀. Ẹni tó ń tà á, tó ń búra pé ọ́ìlì kan náà ni gbogbo wọn, wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń tẹ orúkọ oríṣiríṣi ọkọ̀ sẹ́yìn ike kan ṣoṣo wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ṣe ọkọ̀ fúnra wọn, àti onímọ́tò tí kò béèrè ohun tí wọ́n ń dà sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò dọ́gba, n ò sì ní pín in dọ́gba. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé ìbàjẹ́ tí wọ́n ń fà kì í fara hàn lọ́jọ́ tí wọ́n fà á. Wọ́n á da ọ́ìlì sí ọkọ̀, ọkọ̀ á rìn, ẹni tó ni ín á sanwó, á sì dúpẹ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, tí gíà ò bá gbé mọ́, kò sẹ́ni tó máa rántí ọ́ìlì. Wọ́n á ní láti òkè òkun ni gíà náà ti ní àléébù wá, wọ́n á ní ojú ọ̀nà wa ló bà á jẹ́. Ọwọ́ tó da ọ́ìlì náà ló sì tún máa gba owó títú gíà. Èyí ló ń bí mi nínú jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí ọ́ìlì yìí ń ṣe, nítorí ibẹ̀ ni ẹjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Nínú gíà mánúà, ọ́ìlì kàn ń jẹ́ kí eyín irin máa yọ̀ lára ara wọn ni, ẹsẹ̀ awakọ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì ló ń ṣe ìyókù. Ti ọtomátíìkì yàtọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra, kò sí irin tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà. Ẹ́ńjìnnì ń yí abẹ́bẹ̀ kan nínú kọnfátà, abẹ́bẹ̀ náà ń ti ọ́ìlì, ọ́ìlì ló sì ń ti abẹ́bẹ̀ kejì tó ń gbé agbára wọ inú gíà. Pọ́ọ̀ǹpù tún ń fi agbára tẹ ọ́ìlì yìí kan náà gba inú àwọn ihò tín-ín-rín, kó lè lọ ki àwọn plẹ́ètì kílọ́ọ̀ṣì pọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọkọ̀ ṣe ń kúrò ní gíà kìn-ín-ní bọ́ sí ìkejì. Ojú àwọn plẹ́ètì yẹn dà bíi bébà líle. Bóyá wọ́n á gbá ara wọn mú lójijì ni o, bóyá wọ́n á rọra dì ni o, èròjà kẹ́míkà inú ọ́ìlì ló ń pinnu rẹ̀. Ọ́ìlì náà ló tún ń gbé ooru lọ sí rédíétọ̀, òun ló sì ń mú kí síìlì máa rọ̀ kó má baà sán. Ẹni tó bá da irú mìíràn sí i ti yí gíà náà fúnra rẹ̀ padà.

Ẹ̀sùn kìn-ín-ní ni irọ́ tó bí gbogbo ìyókù: “Ọ́ìlì gíà kan náà ni.”

Ìgbà kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. General Motors gbé gíà Hydra-Matic jáde nínú ọkọ̀ Oldsmobile ti ọdún 1940. Nígbà tó di 1949, wọ́n kọ ìlànà ọ́ìlì kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Type A, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà ló sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1960, Ford ya ọ̀nà tirẹ̀. Ó fẹ́ ọ́ìlì tó máa jẹ́ kí plẹ́ètì di ara wọn mú ṣinṣin. General Motors ní tirẹ̀ fẹ́ èyí tó máa jẹ́ kí gíà yí wẹ́rẹ́ láìmi ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo Dexron ní 1967. Láti ìgbà yẹn ni ọ́ìlì gíà kò ti jẹ́ ọ̀kan mọ́. Òróró àbùùbùtán pàápàá wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe é nígbà náà. Nígbà tí òfin Amẹ́ríkà dáàbò bo ẹran omi náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ní láti tún gbogbo rẹ̀ pò. Iṣẹ́ ìwádìí ńlá ni fún àwọn tó ń ṣe é, torí náà mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ kí ẹnìkan lábẹ́ àtíbàbà rò pé èyíkéyìí tó bá ti wà nílẹ̀ máa ṣe é.

Lónìí, Toyota ní WS, T-IV ni wọ́n sì ń lò kó tó dé. Honda lo Z1 títí, kó tó bọ́ sí DW-1, bẹ́ẹ̀ gíà Honda tó ń lò wọ́n kò tilẹ̀ jọ ti ẹlòmíràn nínú, torí ọ̀pá tó nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bíi ti mánúà ni wọ́n fi kọ́ ọ. Nissan ní Matic S, ó tún ní NS-2 àti NS-3 fún gíà CVT tí mo ṣì máa dé orí rẹ̀. Hyundai àti Kia ní SP-III àti SP-IV. Mercedes ní tirẹ̀ tí wọ́n fi nọ́ńbà dá mọ̀, 236.14 pupa, 236.15 sì jẹ́ àwọ̀ búlúù. Àwọ̀ pupa tí ẹ ń rí yẹn, aró lásán ni. Wọ́n fi sí i kí ojú lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Kò sọ nǹkan kan nípa irú gíà tó lè gbà á. Mẹkáníìkì tó bá fi ìka kan ọ́ìlì, tó wo àwọ̀ rẹ̀, tó ní “òun náà nìyẹn,” kò tíì yẹ nǹkan kan wò.

Ẹ̀sùn kejì, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ike. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù ọ́ìlì kan ní ìgboro Èkó tàbí Ìbàdàn, ẹ béèrè ọ́ìlì gíà ọtomátíìkì. Ó ṣeé ṣe dáadáa kí wọ́n gbé ike tí wọ́n kọ Dexron III sí lára fún yín. General Motors ló ni orúkọ yẹn, òun ló sì máa ń fún àwọn tó ń po ọ́ìlì ní ìwé àṣẹ láti lò ó. Ó gbé Dexron VI jáde ní 2005, ó sì fòpin sí ìwé àṣẹ Dexron III ní ìparí 2006. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá tẹ Dexron III sára ike ń ṣe é lórí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni. Ẹni tó ni orúkọ kò yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ó lè dára, ó lè má dára, ẹni tó ń rà á kò sì ní bí ó ṣe máa mọ̀.

Kí n má ṣe àìṣòótọ́. N ò sọ pé ọ́ìlì tó bá ti kúrò nínú páálí Toyota tàbí Honda nìkan ló dára. Àwọn ilé iṣẹ́ ọ́ìlì tó mọ iṣẹ́ wà, tí wọ́n dán ọjà wọn wò nínú gíà kí wọ́n tó kọ WS tàbí DW-1 sí i lára. Dexron àtijọ́ náà ṣì ní ibi tó yẹ ẹ́, torí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ló ń lò ó, ọ̀pọ̀ Toyota sì ń lò ó nínú sítíárìn. Àwọn tí mo fẹ̀sùn kàn ni àwọn tó ń to orúkọ ọkọ̀ sẹ́yìn ike láìdán nǹkan kan wò, tí wọ́n kọ ọ́ bíi pé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ti fọwọ́ sí i. Mo sì fẹ̀sùn kan ẹni tó ń fi kẹ́ẹ̀gì bu ọ́ìlì láti inú dúrọ́ọ̀mù tí kò ní orúkọ kankan lára, tó ń tà á fún gíà ọkọ̀ tí ẹnìkan fi ọdún mélòó kan tọ́jú owó rà.

Ẹ̀sùn kẹta kan ọ̀pọ̀ èèyàn, torí Toyota ló kún ojú títì wa. WS fúyẹ́ ju ọ́ìlì àtijọ́ lọ. Nígbà tí ooru rẹ̀ bá dé 100°C, Dexron III máa ń wà ní nǹkan bíi 7 lórí òṣùwọ̀n ìki tí àwọn onímọ̀ ọ́ìlì ń lò, WS sì wà ní nǹkan bíi 5.5. Ìyàtọ̀ náà kéré lójú. Ṣùgbọ́n wọ́n gbẹ́ àwọn ihò inú gíà náà ní ìwọ̀n ọ́ìlì fífúyẹ́, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sì ń ṣírò agbára tí yóò fi tẹ plẹ́ètì lórí pé ọ́ìlì fífúyẹ́ ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá da èyí tó ki sí i, á kọ́kọ́ máa lọ́ra láàárọ̀ kí gíà tó wọlé. Lẹ́yìn náà á máa jẹ́ẹ̀kì. Tó bá yá, lórí eré tó dúró sójú kan, á máa gbọ̀n gìrìgìrì bíi pé ẹ ń wakọ̀ kọjá lórí òkúta wẹẹrẹ, torí kílọ́ọ̀ṣì inú kọnfátà kò rí ọ̀nà di ara mú bó ṣe yẹ. Ìwé tí Toyota fi sínú ọkọ̀ kìlọ̀ nǹkan yìí gan-an: pé bí kì í bá ṣe WS, gíà lè máà yí dáadáa mọ́, ó lè máa gbọ̀n, ó sì lè bàjẹ́ níkẹyìn. Ìkìlọ̀ náà wà nínú ìwé tó wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, tí ẹnì kankan kì í ṣí.

Ibi tí ìwà àìdára náà ti wá burú ni pé kò ṣeé tètè tún ṣe. Bí wọ́n bá ṣí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ gíà, nǹkan bí ìdajì ọ́ìlì tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ló máa jáde. Ìyókù wà nínú kọnfátà àti nínú àwọn páìpù. Ẹni tó bá da ọ́ìlì tí kò yẹ lẹ́ẹ̀kan ti po méjì pọ̀, á sì ní láti fa ọ́ìlì jáde kó sì da èyí tó yẹ sí i léraléra kó tó mọ́. Ọ̀pọ̀ gíà tó ń lo WS kò sì ní géèjì. Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó ni pé kí wọ́n gbé ọkọ̀ sókè kó tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí ọ́ìlì gbóná dé nǹkan bíi 40°C, kí wọ́n wá ṣí ihò tí àpọ̀jù ń gbà jáde. Ó gba jáàkì mẹ́rin, ó gba ẹ̀rọ síkáànì tó ń ka ooru ọ́ìlì, ó sì gba sùúrù. Dípò èyí, wọ́n á fojú wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì ti ihò náà pa.

Ẹ̀sùn kẹrin ló wúwo jù lọ. Ọ̀rọ̀ gíà tí wọ́n ń pè ní CVT ni.

Lójú ẹni tó ń wakọ̀, CVT kò yàtọ̀: P, R, N, D náà ló rí. Nínú, nǹkan mìíràn gbáà ni. Kò ní gíà kìn-ín-ní, kò ní ìkejì. Bẹ́líìtì irin kan ló ń yí láàárín púlì irin méjì tí ń ṣí tí ń pa, agbára ẹ́ńjìnnì sì ń gba ibi tí irin ti tẹ irin kọjá. Irin gbọ́dọ̀ di irin mú, síbẹ̀ irin kò gbọdọ̀ jẹ irin. Ọ́ìlì CVT nìkan ni wọ́n pò fún iṣẹ́ méjèèjì pa pọ̀. Wọn ò po ọ́ìlì ọtomátíìkì lásán láti jẹ́ kí irin di irin mú lábẹ́ irú agbára bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá dà á sínú CVT, bẹ́líìtì á máa yọ̀ lójú púlì, á sì máa ha á. Lẹ́ẹ̀kan tí ojú púlì bá ti ní ilà, ọ̀ràn ti kúrò ní ti ọ́ìlì. Ẹ lè fi ọ́ìlì tó yẹ fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì, ilà náà kò ní parẹ́, àjákù irin tó ti bọ́ sínú ọ́ìlì á sì máa lọ dí fáàfù kan lẹ́yìn òmíràn.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Corolla tí gbogbo mẹkáníìkì gbà pé òun mọ̀ dunjú, láti ọdún 2014 ni ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ti jẹ́ CVT, ọ́ìlì CVTF FE ni Toyota sì ní kí wọ́n lò fún un. Corolla ọdún yẹn kan náà tó jẹ́ irú L ṣì ní gíà mẹ́rin ti àtijọ́. Ọ̀pọ̀ Honda Accord ti Amẹ́ríkà bọ́ sí CVT láti 2013, CR-V tẹ̀ lé e ní 2015, HCF-2 sì ni ọ́ìlì wọn. Nissan ti ń lò ó tipẹ́. Àwọn ọkọ̀ yìí gan-an ni wọ́n ń kó dé gẹ́gẹ́ bíi tòkunbọ̀ báyìí. Ẹnì kan á rí Corolla, á rántí Corolla tí òun ti ń tún ṣe láti ìgbà tí òun ti wà lẹ́nu ọmọṣẹ́, á ká apá aṣọ, á gbé ike pupa. Ìbéèrè kan ṣoṣo, “Ṣé CVT ni?”, ì bá gba gíà náà là. Bí onítọ̀hún kò bá mọ̀ pé irú gíà bẹ́ẹ̀ wà, mo lè fi iyè dénú bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó mọ̀, tó dà á torí èyí tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nìyẹn, tí kò fẹ́ kí owó náà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, olè ni mo kà á sí.

Ẹ̀sùn karùn-ún: wọ́n ń bo ìwà náà mọ́lẹ̀ nípa títún gíà rà. Wọ́n á ní gíà ti kú, ẹ jẹ́ ká lọ ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ládípọ̀, ẹ jẹ́ ká lọ Àrárọ̀mí ní Géètì. Wọ́n á gbé gíà àlòkù tí wọ́n ń pè ní Belgium wá, wọ́n á gbà yín ní owó gíà, owó iṣẹ́, owó ọkọ̀ tó gbé e. Nígbà tí wọ́n bá so ó tán, ọ́ìlì wo ni wọ́n máa dà sí i? Ike kan náà tó pa èyí àkọ́kọ́. Gíà kejì náà á wá kú, wọ́n á ní ọjà Belgium kì í ṣeé fọkàn tán. Mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ti pààrọ̀ gíà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ọkọ̀ kan bi ara rẹ̀ ohun tó wà nínú ọkọ̀ náà tí wọn kò pààrọ̀ rárá.

Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà kò mọ́ lọ́wọ́. Ní 1989, Chrysler gbé gíà A604 jáde, tí wọ́n ń pè ní Ultradrive. Ọ́ìlì tiwọn ni wọ́n kọ́ ọ fún, síbẹ̀ wọ́n jẹ́ kí àwọn tó ra ọkọ̀ gbà pé Dexron lè rọ́pò rẹ̀ bí tiwọn bá wọ́n. Gíà ń gbọ̀n, gíà ń bàjẹ́, orúkọ gíà náà bàjẹ́ pẹ̀lú, Chrysler sì wá ń tẹnu mọ́ ọn pé ọ́ìlì tiwọn nìkan ni kí wọ́n máa lò. Bí àwọn tó fọwọ́ ara wọn ya gíà náà lórí bébà bá lè ṣìṣe lórí ọ́ìlì tó máa gbà, kí ni ẹni tó ń fojú díwọ̀n máa sọ? Ẹ̀sùn mi kejì sí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ “ọ́ìlì ìgbésí ayé,” pé kò sí ìdí láti pààrọ̀ rẹ̀ láéláé. BMW sọ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ZF, ilé iṣẹ́ Jámánì tó ṣe ọ̀pọ̀ gíà wọn, ń gbani nímọ̀ràn pé kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ láàárín 80,000 sí 120,000 kìlómítà. Ìgbésí ayé ta ni wọ́n ń sọ? Ẹni tó kọ́kọ́ ra ọkọ̀ náà ní Yúróòpù ti tà á kó tó dé ìdí ọ̀ràn. Àwa tó rà á lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, tí ọ́ìlì rẹ̀ ti dúdú, tí kò ní géèjì, tí ìwé inú rẹ̀ ti sọnù, tí a wá ń fi jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òṣòdì lójú oòrùn, àwa la máa jẹ gbèsè náà.

Ẹ̀yin onímọ́tò, mi ò fẹ́ fojú fo yín. Ẹ mọ iye lítà epo tí ọkọ̀ yín ń jẹ dé Abẹ́òkúta, ẹ ò mọ orúkọ ọ́ìlì gíà rẹ̀. Ẹ ń fi ọkọ̀ rán dírẹ́bà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ sì ń dúnàádúrà lórí ọ́ìlì títí tí mẹkáníìkì fi wá èyí tó bá owó yín mu. Nígbà tí ó bá sọ pé ọ́ìlì tó yẹ wọ́n, ẹ̀yin lẹ sọ pé kó wá ohun kan ṣe sí i. Ó wá ohun kan ṣe sí i. Mo mọ̀ pé owó kò sí, mo sì mọ̀ pé ayédèrú wọnú páálí tó dáa náà. Bí ó ti wù kó wọ́n tó, iye ọ́ìlì kò tó iye gíà.

Àjọ SON ló ń fọwọ́ sí ọjà tó bá ìlànà mu ní Nàìjíríà, òfin 2018 tó dá FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀ sì fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ tó yè kooro. Òfin wà. Ohun tí kò sí ni ẹ̀rí, torí kò sí ẹni tó ń kọ orúkọ ọ́ìlì sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dà á. Ìdí nìyẹn tí ohun tí mo ń béèrè kò fi ju mẹ́ta lọ. Kí mẹkáníìkì fi ọ́ìlì han ẹni tó ni ọkọ̀ kó tó já ìdè rẹ̀. Kí ó kọ orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ sínú rìsíìtì, pẹ̀lú iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn. Kí ó sì kó àwọn ike òfìfo fún ẹni tó ni ọkọ̀ lọ sílé. Bí gíà bá bàjẹ́ lẹ́yìn náà, tí ohun tó wà nínú rìsíìtì kò bá ohun tó wà nínú ìwé ọkọ̀ mu, ẹni tó dà á ni kó san owó gíà.